Mọ́ṣáláṣí tí kò ní òrùlé rogodo: ìrìn àjò wa sí Xi'an

Tí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ṣáínà pé Xi'an lẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun alámọ̀, àwọn ère tí wọ́n fi amọ̀ mọ láyé àtijọ́, ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò burú. A lọ wò wọ́n, wọ́n sì tó ohun tí èèyàn ń rin ọ̀nà jíjìn lọ wò. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ìlú náà, pàápàá ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ wà níbí fún ẹ̀kọ́ tàbí òwò, ni mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà ní àdúgbò àwọn Hui, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan nílẹ̀ Ṣáínà. Òun ló gbà mí lọ́kàn, òun náà ni màá sì pẹ́ lé lórí jù.

Wuhan ni mo ti ń kàwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan, ará Ìwó tí àwọn náà ń kàwé níbí, la jọ lọ nígbà ìsinmi Qingming, àkókò tí àwọn ará Ṣáínà máa ń lọ tún sàréè àwọn òbí wọn ṣe. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré la wọ̀. Orí fóònù la ti sanwó, páásípọ́ọ̀tù wa ló sì dúró fún tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ tó wà ní àríwá ìlú, a wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ títí dé Ilé Agogo, tí wọ́n kọ́ ní 1384, tó sì dúró sí oríta àárín ìlú gan-an. Gbogbo ọkọ̀ ló ń yí i po.

Ilé Ìlù kò jìnnà síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó ń gbé ní Wuhan nìkan ló lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọbẹ̀, ó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dì, ọ̀rá rẹ̀ sì wà nínú ohun tí ẹ kò lérò. Ká tó jẹun níta, a ó kọ́kọ́ máa wá àmì qingzhen tó ń fi hàn pé oúnjẹ náà hàláàlì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta tálíà Lanzhou ló ń gbà wá. Ní Xi'an, odindi àdúgbò ni. Ẹran àgùntàn tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n ń yan lórí èédú, tí wọ́n sì da ata bò, sùyà ni lójú ọmọ Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Oúnjẹ tí mo fẹ́ kí ẹ tọ́ wò jù níbẹ̀ ni yangrou paomo. Abọ́ òfìfo àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó le ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ já búrẹ́dì náà wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Ó gba àkókò, àwọn àgbà tó wà nídìí tábìlì kejì sì ń já tiwọn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà wo abọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mi orí, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì bá wọn já a kéékèèké sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé abọ́ lọ sí ilé ìdáná, tí wọ́n fi omi ẹran àgùntàn sè é, tí wọ́n sì gbé e padà pẹ̀lú ẹran, ata àti aáyù tí wọ́n ti rẹ sínú ọtí kíkan àti ṣúgà. Tí búrẹ́dì náà bá tóbi jù, omi ẹran kò ní wọ inú rẹ̀. Èyí ni ìyá náà rí tí wọ́n fi dá sí i.

Láàárín àwọn ọ̀nà tóóró yẹn, ọ̀kan ń jẹ́ Huajue. Òun ló lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún lè kọjá níbẹ̀ kó má mọ̀. Kò sí òrùlé rogodo, kò sí ilé ìpèrun tín-ín-rín tó ga fíofío. Ẹnubodè onígi lẹ máa rí, òrùlé tó yọ etí sókè, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, igi, òdòdó, òkúta tí àwọn akọ̀wé ńlá ilẹ̀ Ṣáínà kọ̀wé sí. Ilé gíga onígun mẹ́jọ kan tó wà nínú àgbàlá ló dúró gẹ́gẹ́ bí ilé ìpèrun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó kọjú sí. Láti ayébáyé, gúúsù ni ààfin àti tẹ́ńpìlì ilẹ̀ Ṣáínà sábà máa ń kọjú sí. Mọ́ṣáláṣí yìí, láti ìlà-oòrùn ni ẹ ó ti máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí apá ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà sí wọn. Àwọn tó kọ́ ọ lo gbogbo ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí àwọn baba wọn mọ̀, àmọ́ nígbà tó kan ibi tí a ń forí balẹ̀ sí, wọ́n yí gbogbo ilé náà padà. Èmi tí mo dàgbà sí Èkó, tó jẹ́ pé gábàsì ni mo ti ń kọjú sí láti kékeré, mo dúró wo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́.

Òkúta kan wà níbẹ̀ tó ní ọdún 742 ni wọ́n dá mọ́ṣáláṣí náà sílẹ̀, lásìkò ìjọba Tang, nígbà tí Xi'an ń jẹ́ Chang'an tó sì jẹ́ olú ìlú. Àwọn onímọ̀ kan kò gba ọjọ́ orí òkúta náà gbọ́. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ìgbà ìjọba Ming ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rí lónìí, láti nǹkan bí 1392. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń kó sílíkì lọ sí ilẹ̀ Páṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí gbà dé ìlú náà, wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni Hui tó ń ta paomo fún wa.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá wòran. A sálámà, wọ́n bi wá bóyá Mùsùlùmí ni wá, wọ́n sì ní ká máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àkókò Àlàásárì ti tó. A ṣe àlùwàlá, a bọ́ bàtà, a wọ gbọ̀ngàn ìkírun, níbi tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í dé. Pátákó igi ni wọ́n gbẹ́ Àlùkùráánì sí lára ògiri rẹ̀, ní èdè Lárúbáwá àti èdè Ṣáínà. Àwọn bàbá onífìlà funfun ló pọ̀ jù nínú jámáà. Bí mo ṣe dúró sáàárín wọn, tí ìmáámù sì sọ pé "Allāhu Akbar", ara mi balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn ìrun, bàbá kan di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi wá ní ibi tí a ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi dá wọn lóhùn, wọ́n sì fi kún un pé Mùsùlùmí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó pọ̀ gan-an. "Alhamdulillah," ni bàbá náà sọ, wọn ò sì tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé mọ́ṣáláṣí tó jọ tẹ́ńpìlì kò bójú mu. Mi ò gbà rárá. Ní Èkó wa, ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ, iṣẹ́ ọnà Brazil ló sì hàn lára rẹ̀. Abdullah Quilliam, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wá láti Liverpool síbi ìṣílé náà ní orúkọ Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì, kò sì ní kí wọ́n wó o nítorí pé kò jọ ti Istanbul. Bí a ṣe ń wọ agbádá lọ kírun Jímọ̀ láìsí ẹni tó ní kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hui ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run wọn. Àwọn ará Èkó tí kò tíì fara balẹ̀ wo Shitta-Bey, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó.

Nípa àwọn ọmọ ogun alámọ̀: agbègbè Lintong ni wọ́n wà, ní ìlà-oòrùn ìlú. Owó ìwọlé jẹ́ yúánì 120 nígbà tí a lọ. Ní 1974, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ló kan wọ́n nínú ilẹ̀. Qin Shi Huang, ọba tó sọ ilẹ̀ Ṣáínà di ọ̀kan ní 221 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, ló ní kí wọ́n mọ wọ́n kí wọ́n lè ṣọ́ sàréè òun. Kòtò àkọ́kọ́ gùn tó mítà 230. Ojú kálukú yàtọ̀, irun orí yàtọ̀, kódà ìlà ìsàlẹ̀ bàtà ẹni tó kúnlẹ̀ láti ta ọfà hàn kedere. Oríṣiríṣi ọ̀dà ló wà lára wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ kété tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló máa ń bó dànù, ara ohun tó ń mú kí àwọn awalẹ̀pìtàn máa fara balẹ̀ nìyẹn. Sàréè ọba fúnra rẹ̀, wọn kò tíì ṣí i. Èrò pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ nígbà ìsinmi; ẹ tètè dé àárọ̀.

Odi ìlú náà tún wà níbẹ̀, kìlómítà 13.7 ló fi yí àárín ìlú ká, orí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ la háyà tí a fi ń gùn lórí rẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn sí èyí ju ohun gbogbo lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìborùn dání. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lẹ dé, ẹ tètè lọ kẹ́ ẹ lè ráyè inú gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù October, ẹ má dán an wò, gbogbo Ṣáínà ló máa ń wà lójú ọ̀nà.

Quanzhou ló kàn fún wa, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Etí òkun ni ìlú yẹn wà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí Qingjing níbẹ̀ láti 1009, ọwọ́ àwọn Lárúbáwá sì hàn lára ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi wo ìdí tí àwọn tó gba ojú omi dé fi kọ́ tiwọn báyẹn.