Yúríà tí mo dà sórí ẹ̀wà

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní kóléèjì níhìn-ín ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, mo sì ti ń dáko láti ìgbà tí mo ti lé lógójì ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, nítorí Faransé tí a ń sọ níléèwé, porofẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ kóléèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún méjìlá ló ń kọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń kí ní porofẹ́sọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wo oko lókèèrè, tí ẹ ń sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí owó oṣù ṣì ń wọlé, kí ẹ lè fi owó kékeré ṣe àṣìṣe. Tèmi rèé.

Oko mi wà lọ́nà Ìlárá. Ilẹ̀ pupa ni, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò, tó sì máa ń lanu gbàgàdà lẹ́ẹ̀rùn. Ilẹ̀ pupa rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n òjò tètè máa ń fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Mo mọ èyí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó, fún àgbàdo òjò àkọ́kọ́. Àgbàdo ṣe dáadáa, ààbọ̀ àpò sì ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo gbin ẹ̀wà ní òjò kejì, ní oṣù kẹsàn-án, mo ní kí ajílẹ̀ olówó gọbọi yìí má bàa bàjẹ́ lásán. Mo dà á sídìí ẹ̀wà.

Ha, ewé yọ! Ó dú, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá olùkọ́.

Àbúrò ìyá mi, tí èmi náà ń pè ní Ìyá, tí oko tirẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà, wá wò ó. Ó gba àárín ebè kọjá, ó ń fi ọwọ́ ṣí ewé wò lábẹ́. Ó ní, "Àjàní, ṣé ewé lo fẹ́ jẹ ni?" Ó fa ẹ̀wà kan tu. Kókó kéékèèké mẹ́ta péré ló wà lára gbòǹgbò rẹ̀, ó funfun báláú. Ó sọdá sí oko tirẹ̀, ó fa ọ̀kan tu níbẹ̀. Kókó ṣù mọ́ gbòǹgbò tiyẹn bí ọmọ ọkà bàbà. Ó fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyí. Èyí tí kò bá lẹ́jẹ̀ kì í so."

Ọdọọdún ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya kókó yẹn sójú pátákó o! Èmi ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé bakitéríà, àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, ló ń gbé inú rẹ̀, pé wọ́n ń gba nítirójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé yọ, láti inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń fún wọn ní ṣúgà. Ohun tó mú inú kókó náà pọ́n, ìbátan ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n gan-an ni. Ìyá ò kàwé, àmọ́ kò fẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́ rárá. Yúríà ní tiẹ̀, nínú kílò ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kílò 46 ló jẹ́ nítirójìn. Nígbà tí mo ti da oúnjẹ kún ilé fún ẹ̀wà báyẹn, ta ni yóò tún máa bọ́ ayálégbé?

Ìyá kó àpò mẹ́ta. Tèmi ò kún àpò kan.

Kò sí ohun tó dùn mí tó pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ní kíláàsì, mo gbàgbé rẹ̀ lóko, àfi bí ẹni pé ènìyàn méjì ni mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú yíya àwòrán nìkan. Mo gbin ẹ̀wà sẹ́yìn kíláàsì, kálukú ń fa tirẹ̀ tu. Ọmọbìnrin kan la kókó tirẹ̀, ó figbe ta: "Mùsíyé, ó lẹ́jẹ̀ lóòótọ́!" Ọmọ yẹn kò ní gbàgbé títí ayé.

Bákan náà ni nígbà tí kòkòrò ajágbàdo láti Amẹ́ríkà dé bá wa ní 2016. Àwọn kan sáré ra oògùn, wọ́n ń fín in lọ́sàn-án gangan, kòkòrò ti wọ inú ọ̀kàn àgbàdo lọ, ó fi ìgbẹ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ jí lọ wò ó láàárọ̀ kùtù. Bẹ́ ẹ bá rí ẹyin níṣùpọ̀ lára ewé, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa.

Ibi tí mo ti rí nǹkan kọ́ Ìyá náà ni ti ìtọ́jú àgbàdo. Ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí i, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo ṣì lé ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má tíì kó o sí àpò, yóò bu. Ìyá ní iyọ̀ ni mò ń fi ṣòfò. Tirẹ̀, ó máa ń ju ọmọ àgbàdo kan sẹ́nu, á fọ́ ọ, á gbọ́ bó ṣe dún. A dán méjèèjì wò lórí àpò kan náà, ohun kan náà ni eyín rẹ̀ àti ìgò mi sọ.

Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ báyìí ò ju mẹ́rin lọ. Nígbà tí a kórè kẹ́yìn, ó ní kí n fi ìgò náà sílẹ̀ sínú ahéré òun.