Má Tíì Kọjá Òkun: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Wíwá Ìran Àwọn Ará Nọ́wè

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ibi ìkówèésí àti ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀, bí iṣẹ́ bá gbé yín dé apá Minnesota, Wisconsin, Iowa tàbí North Dakota ní Amẹ́ríkà bó ṣe gbé èmi dé, ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan á wọlé, á jókòó, á ní, "Bàbá tó bí bàbá mi àgbà ń jẹ́ Ole Olson. Nọ́wè ló ti wá. Ẹ bá mi wá ìlú rẹ̀." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ti máa retí èsì.

Wọn ò kéré níye. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1825 ni ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń jẹ́ Restauration gbéra ní Stavanger pẹ̀lú èrò 52. Nígbà tó fi máa gúnlẹ̀ sí New York lóṣù Kẹwàá, wọ́n ti bí ọmọ kan kún wọn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó tọ ipasẹ̀ wọn lé ní 800,000. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó nǹkan ni Nọ́wè nígbà náà, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tú jáde tó.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lọ́wọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má tíì kọjá òkun. Ojú máa ń kán gbogbo ẹni tó bá wá sí ìdí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti gbọ́ pé Digitalarkivet, ìyẹn ojúlé tí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba Nọ́wè ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, ó tilẹ̀ dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbowó lé lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀ ní Nọ́wè. Ẹni tí kò bá mọ ìjọ àti oko tí ẹbí náà ti wá, á kàn tẹ Ole Olsen síbẹ̀, ẹgbàágbèje Ole Olsen á sì jáde sí i. Á mú èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé ìran, àwọn ẹlòmíì á sì dà á kọ. Ẹbí oníẹbí ni wọ́n á máa gbé kiri láti ọjọ́ yẹn lọ. Amẹ́ríkà níhìn-ín ni orúkọ oko yẹn fara pa mọ́ sí. Ẹ tú ibí tán ná.

Ibi tọ́pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní ìgbèríko Nọ́wè láyé ìgbà náà, orúkọ bàbá ẹni ni wọ́n fi ń ti orúkọ ẹni lẹ́yìn. Ọmọ Hans tí wọ́n sọ ní Ole, Ole Hansen ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Kari Hansdatter. Bí Ole bá bí Nils, Nils Olsen nìyẹn, Hansen ti tán níbẹ̀. Wọ́n á wá fi orúkọ oko tí wọ́n ń gbé kún un: Ole Hansen Haugen. Àdírẹ́sì ni oko yẹn jẹ́. Tí Ole bá kó lọ sí oko Bakken lọ́dún tó ń bọ̀, ó di Ole Hansen Bakken, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló dé. Ọdún 1923 ni òfin tó pa á láṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan di orúkọ kan ṣoṣo mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń wá ti re Amẹ́ríkà tipẹ́.

Wọ́n wá dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ ìdílé lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ọmọ ìyá mẹ́ta lè mú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Hanson, àbúrò ń jẹ́ Haugen, ẹ̀kẹta mú orúkọ oko tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kó tó wọkọ̀. Obìnrin tí kò bá tíì kúrò ní Nọ́wè, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí dọjọ́ ikú, ọkọ ò yí ìyẹn padà. Tó bá dé Minnesota, orúkọ ọkọ ni. Kari Hansdatter ti di Carrie Olson nìyẹn. Guri lè di Julia, Lars lè di Louis. Ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn orúkọ, agbo ilé ni kẹ́ ẹ máa lé: ọjọ́ orí bàbá, ti ìyá, àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí wọ́n tó kúrò ní Nọ́wè àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Orúkọ á yí, bí àwọn ọmọ ṣe tẹ̀ léra kì í yí.

Níbi ìsọmọlórúkọ, àwa tá à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, ó yẹ kó yé wa ju àwọn tó nìṣẹ́ lọ. Àkọ́bí ọkùnrin a máa jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ, èkejì a máa jẹ́ orúkọ bàbá ìyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Bí ọmọ bá kú, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e a sábà gba orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ orúkọ àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ ti fura sí orúkọ àwọn bàbá àgbà wọn. Àṣà ni o, wọn ò fi ṣe òfin. Mo sì ní kí n kìlọ̀ fún yín: bí bàbá àgbà méjèèjì bá ń jẹ́ Ole, Ole méjì lè wà nínú ilé kan, káwọn méjèèjì wà láàyè, kí wọ́n jọ máa jẹun. Ẹ má yára sin èyí àkọ́kọ́.

Ó yá, ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà. Láti 1790 ni wọ́n ti ń kànìyàn lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n 1850 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ òmìnira nínú ilé. Ṣáájú ìgbà yẹn, olórí ilé nìkan ni. Ti 1880 ló kọ́kọ́ sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé. Ti 1890, iná tó jó ní Washington ní 1921 ló bà á jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ àárín 1880 sí 1890 gan-an ni àwọn ará Nọ́wè ń ya wọ̀lú. Ìkànìyàn tí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe fúnra wọn lẹ fi máa dí ihò yẹn: Minnesota kà tirẹ̀ ní 1885 àti 1895, Wisconsin náà kà ní ọdún méjèèjì yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé àwọn ìwé yìí. Ẹ má bá wọn gbàgbé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1900. Ẹ jẹ́ ká fi ìka tẹ ìlà obìnrin kan, ká sọ pé Carrie ni, ìyàwó àgbẹ̀. Wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí i. Ọdún tó ti wà nílé ọkọ, 24. Ọmọ tó bí, 9. Èyí tó wà láàyè, 6. Ibi tí wọ́n ti bí i, Nọ́wè. Bàbá rẹ̀, Nọ́wè. Ìyá rẹ̀, Nọ́wè. Ọdún tó dé Amẹ́ríkà, 1881. Ẹ máa bá mi ṣírò lọ. Ìgbéyàwó ti ní láti wáyé ní nǹkan bí 1876, ìyẹn ni pé Nọ́wè ni wọ́n ti ṣe é, ìwé ìjọ kan sì wà níbẹ̀ tí orúkọ àwọn méjèèjì àti ti bàbá wọn wà. Àkọ́bí tó wà nínú ilé, wọ́n bí i sí Nọ́wè ní 1877. Èyí tó tẹ̀ lé e, Minnesota, 1883. Àlàfo ọdún mẹ́fà rèé, àwọn ọmọ mẹ́ta tí kò sí mọ́ rèé. Ìwé ìsìnkú ìjọ lẹ máa lọ wò, ti ibẹ̀ àti ti ibí, kẹ́ ẹ sì ní i lọ́kàn pé ojú omi náà a máa gba ọmọ. Níwájú orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Na" sí, ìyẹn ni pé ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí náà fáìlì rẹ̀ ti ní láti wà ní kóòtù kan. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé ọba Sweden àti Nọ́wè ló kọ̀ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹbí sọ fún yín pé ará Sweden ni bàbá wọn. Ọba kan náà ló ń jẹ lórí orílẹ̀-èdè méjèèjì títí di 1905.

Akànìyàn tó kọ ìlà yẹn, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ. Aládùúgbò lè ti dá a lóhùn nígbà tí àwọn onílé wà lóko. Àwọn tó wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà tún ní bí ojú tiwọn ṣe rí i. Ẹ máa ṣí àwòrán ojú ewé náà gan-an, kẹ́ ẹ sì ka ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìjọ kan náà ní Nọ́wè a máa tẹ̀dó pọ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú ti Ole lè jẹ́ àna rẹ̀, orúkọ ìjọ tí ti Ole ò fi hàn lè wà lára òkúta ibojì tirẹ̀.

Níbo gan-an ni orúkọ oko àti ìjọ máa ń wà? Ìwé ìjọ Lútérà tó wà lábúlé wọn ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Àwọn àlùfáà wọ̀nyẹn ń fi èdè Nọ́wè kọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ "Nọ́wè" nìkan sí ibi ìbí, wọ́n á dárúkọ ìjọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ ní èdè Nọ́wè, bíi Decorah-Posten tó jáde ní Iowa láti 1874 títí di 1972. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn ìlú á ní "ó wá láti Nọ́wè", ti Decorah-Posten lè dárúkọ àfonífojì àti oko.

Ẹ tún bi oníbéèrè nípa ẹrù ilé. Bíbélì ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ní kó yí ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ síta: ayàwòrán a máa tẹ orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sára páálí, bó bá sì jẹ́ Voss tàbí Lillehammer ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí. Ẹ bi í nípa àpótí onígi tí wọ́n kó ẹrù sí wá, torí orúkọ àti ọdún a máa wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà aláràbarà. Bí orí bá sì ṣe yín ní rere, ìwé ẹ̀rí tí àlùfáà fún wọn nígbà tí wọ́n ń kúrò nílé á wà láàárín ewé Bíbélì náà, tó sọ ọjọ́ ìbí, ìrìbọmi àti kọnfamáṣọ̀n. Àwọn ẹbí tí kò lè ka èdè Nọ́wè mọ́ kò mọ iyì irú bébà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè ti fẹ́ dà á nù.

Ọ̀rọ̀ Ellis Island ńkọ́? Wọ́n á sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n ti yí orúkọ bàbá wọn padà. Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ọdún 1892 ni wọ́n ṣí Ellis Island. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í sọ èèyàn lórúkọ. Ìwé tí ọkọ̀ gbé wá láti èbúté tó ti gbéra ni wọ́n fi ń pe èrò. Ẹni tó bá sì wá láàárín 1850 sí 1870, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Quebec ní Kánádà ló ti sọ̀ kalẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Wisconsin. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló gba Hull wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wọ rélùwéè dé Liverpool, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì wá orúkọ ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ò tíì mọ orúkọ ìjọ.

Bí ìjọ bá ti wá sọ́wọ́, ó tó àkókò láti kọjá. Nínú ìwé ìjọ Nọ́wè, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣí kúrò sí. Ìgbà mìíràn gbogbo agbo ilé á wà lórí ìlà tó tẹ̀ léra, tí "Amerika" á wà níwájú wọn. Láti 1867 ni ọlọ́pàá Kristiania, tí à ń pè ní Oslo lónìí, náà ti ń kọ orúkọ àwọn tó ń lọ. Ọjọ́ inú ìwé ìjọ àtijọ́ lè ṣòro, wọ́n á kọ "Dom. 3 p. Trin." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìjọ Áńgílíkà ti mọ̀ ọ́n: Ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan. Bí inú ìwé àlùfáà bá ti hunjọ tàbí tí tàdáwà dà sí i, ẹ bèèrè ti akọ̀wé ìjọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìwé jẹ́ méjì, àti pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé kan náà, kí iná má baà jó wọn pọ̀.

Ní ti ìkànìyàn, 1801, 1865, 1875, 1891, 1900, 1910 àti 1920 lẹ máa lò jù. Ti 1865 ní ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ: ọdún tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n kà mọ́ ọjọ́ orí, ẹni tó pé 30 tó ń lọ sí 31, 31 ni wọ́n kọ fún un. Ti 1875 sàn, ọdún ìbí ló kọ. Àmọ́ ti 1865 yẹn ní ohun tí mi ò rí nínú èyí tí Amẹ́ríkà fi kànìyàn: ó ka ẹran ọ̀sìn àti irúgbìn mọ́ èèyàn. Ẹ lè bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, màlúù kan, àgùntàn mẹ́ta, ọ̀dùnkún díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn síwájú ẹni tó ń bi yín pé kí ló lé bàbá òun kúrò nílé.

Bó bá wá ku Ole Olsen méjì nínú ìjọ kan náà, tí ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, ẹ má mú èyí tó wù yín. Èyí tí kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ lé kúrò. Minnesota kànìyàn ní 1875, Nọ́wè náà kànìyàn ní 1875. Bí Ole tẹ̀ ń wá bá ti wà lóko rẹ̀ ní Minnesota nínú ìwé ọdún yẹn, tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣì wà ní Nọ́wè lóṣù Kejìlá ọdún kan náà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Bí kò bá sí ìwé tó yọ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún oníbéèrè, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ wá a dé.