Ohun Tó Gbòde Kan

Àkúrẹ́, ọjọ́ Sátidé

Òjò tí kò jẹ́ kí n dé Ọjà Ọba lónìí ló jẹ́ kí n ráyè tún inú àpótí tábìlì mi tò, ibẹ̀ ni mo sì ti rí spínà tí mo rà fún àkọ́bí mi ní ọdún 2017, ohun ìṣeré oníke ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a máa ń fi ìka méjì mú láàárín, tí a ó sì fi ìka mìíràn ta á kó máa pòòyì. Bíárìn àárín rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí mo ta á, ó yí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ó dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó sì dúró.

Ọdún yẹn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà fòfin dè é nítorí pé àwọn ọmọ kò gbọ́ ti olùkọ́ mọ́, kò sì pẹ́ tó fi dé ọwọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ mi fi sunkún kí n tó ra tirẹ̀. Kí ọdún Àjíǹde tó tẹ̀lé e tó dé, kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà, tó ti wà ní yunifásítì báyìí, gba spínà náà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Mọ̀mí, kí ni ẹ̀ ń pe irú nǹkan báyìí ní Yorùbá, èyí tí gbogbo ayé máa ń sáré tọ̀ fún ìgbà díẹ̀?” Mo ní ohun tó gbòde kan ni. Ó ní ṣé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tó lòde. Ìbéèrè yẹn ló gba ìrọ̀lẹ́ mi.

Lójú tèmi, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó lòde ni ohun tí àwọn ènìyàn ń lò lásìkò kan, tí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́: owó tó lòde, aṣọ tó lòde. Ṣùgbọ́n ohun tó gbòde ti gba ìta mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé àìsàn gbòde, tí a sì ń sọ pé ìròyìn gbòde kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í sọ pé àìsàn lòde. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sọ bí nǹkan náà yóò ti pẹ́ tó. Ìgbà tí ó bá tán la tó máa ń sọ pé ó ti kógbá sílé, bí ọlọ́jà tí ilẹ̀ ṣú bá. Òde ló gbà, ilé ló padà sí.

Mo sọ fún un nípa léèsì. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni léèsì ilẹ̀ Austria ti ń wọlé sí ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu, ìyá mi sì máa ń sọ pé àwọn àgbà ìgbà náà ń bínú pé aṣọ oníhò lásán ni, pé àwọn ọmọge yóò padà sídìí òfì láìpẹ́. Ó gbòde, ó wá lòde, títí dòní kò sì tíì kógbá sílé: ìyàwó wo ni wọ́n ń gbé ní Àkúrẹ́ tí kò sí léèsì níbẹ̀? Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ àwọn tó máa ń pe gbogbo ohun tuntun tí àwọn ọmọ bá gbé dé ní àṣàkaṣà. Ẹni tó dá a lẹ́jọ́ ní òwúrọ̀ kò tíì rí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi kọ gbólóhùn kan sínú fóònù rẹ̀, ó sì kà á fún mi: “Spínà gbòde kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó láti lòde.” N kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá epo díẹ̀ kán sí bíárìn náà.