Owó ilé ọdọọdún, gbèsè oṣooṣù

Àbúrò mi kan pè mí lálẹ́ Sunday, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní bánkì tí owó oṣù òun ń gbà wọlé ti ní àwọn lè yá òun ní mílíọ̀nù 3, òun fẹ́ fi kọ́ room self mẹ́rin sí Ìbàdàn kóun máa gba owó ilé. Ó ní ṣebí èmi náà ti ṣe é. Mo ṣe é lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe owó bánkì ni mo fi ṣe é, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí torí ká tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì ni kírẹ́díìtì mi tán.

Ọdún 2018 ni mo ra hááfù púlọ́ọ̀tì lẹ́yìn Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ₦450,000, owó àjọ ni. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé inú igbó ni mo ń lọ. Ìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2021, tó jẹ́ Mọ́níyà yẹn gan-an ló ń gúnlẹ̀ sí, àwọn kan náà ló ń bi mí bóyá mo mọ ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Èmi ò kúkú rí ọ̀la o, ibi tówó mi ká ni mo rà.

Ti kíkọ́lé, alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni. Mo ti ń dá ₦25,000 lóṣù fún ọdún méjì, ó di ₦600,000, wọ́n sì máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní lọ́dọ̀ wọn, kí onídùúró méjì ṣáà ti fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ₦1,200,000 fún mi, èlé ẹ̀ ₦120,000 péré, wọ́n ń yọ ₦55,000 nínú owó oṣù mi fún ọdún méjì gbáko. Mo san án tán mo tún yá òmíì, mo ta mọ́tò mi kún un. Owó bá ti wọlé báyìí, símẹ́ǹtì àti irin ni mo máa ń fi rà lọ́jọ́ náà, torí owó tó bá sùn sí àkáǹtì mi kì í jí. Símẹ́ǹtì ò ju nǹkan bíi ₦2,600 lápò nígbà tá a da fáǹdéṣọ̀n, nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦10,000. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gba tiwọn nígbà fáǹdéṣọ̀n, wọ́n tún padà wá gbà á nígbà tá à ń kan páànù, ẹ fìyẹn sínú ìṣirò yín.

Àwọn ayálégbé wọlé ní 2022, ₦100,000 lọ́dún, yàrá mẹ́rin, ₦400,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n, ti ajẹ́ńtì àti lọ́yà nìyẹn, kì í ṣe ti onílé. Ibí gan-an ni mo ti ṣìṣe. Mo ṣe bí olówó, ìnáwó kan wọlé nílé wa, mo ra jẹnẹrétọ̀, kó tó di oṣù kẹta owó ti tán, alájẹṣẹ́kù sì ń yọ tiwọn lóṣooṣù. Owó ilé ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbèsè ń dé lẹ́ẹ̀méjìlá. Látìgbà yẹn tówó ilé bá ti dé, ọ̀nà 12 ni mo ń pín in sí, ìpín oṣù kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé náà tún wá jẹ mí ní gbèsè. Ayálégbé ọdọọdún, ìwé oṣù 6 lẹ fi máa sọ fún un pé kó lọ, lẹ́yìn ẹ̀ ìwé ọjọ́ 7, kẹ́ ẹ tó dé kóòtù, gbogbo àsìkò yẹn yàrá ò mówó kan wá. Nítorí náà yàrá mẹ́rin tẹ́ ẹ bá kọ́, mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ wá wo ti bánkì. Mílíọ̀nù 3 ní èlé 30%, èlé ọdún kìíní nìkan lè sún mọ́ ₦900,000, mílíọ̀nù 3 yẹn lásìkò yìí ò lè kan páànù lórí room self mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù ò ní tíì dé líńtẹ̀lì tí wọ́n á ti máa yọwó. Ta ló máa wá gbé líńtẹ̀lì? Àbúrò mi ní NHF, àpò owó ilé tí ìjọba dá sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ 2.5% lówó oṣù òun fún ńkọ́, èlé wọn ò kúkú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, 6% sí 7%, àmọ́ ilé tí ìwọ fúnra ẹ máa gbé ni wọ́n ń yáni lówó fún, kì í ṣe èyí tó o fẹ́ fi gba ayálégbé.

Mo ní kó wọ alájẹṣẹ́kù, kó ra ilẹ̀ ná, kó fi bánkì sílẹ̀. Ó ní òun máa rò ó. Àárọ̀ yìí ló fi fọ́tò ilẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, ilẹ̀ náà gbẹ, ó mọ́, àmọ́ mo wo ògiri ilé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo rí ibi tómi dé lára ẹ̀, ó ga tó orúnkún. Mo ní kó padà lọ wò ó lọ́jọ́ tójò bá rọ̀.