Bí Mo Ṣe Wo Ọkọ̀ ní Èbúté

Bí ẹ bá fẹ́ wo ọkọ̀ ní èbúté, ẹ má lọ dúró sí ẹnu géètì. Orí ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun láti fi dá ìgbì dúró ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí láti àárọ̀, torí pé ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ọkọ̀ kòǹténà kan ló kọ́kọ́ dé, ẹrù orí rẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́fà. Ọkọ̀ kékeré kan sáré gbé afinimọ̀nà èbúté, ẹni tó mọ ojú omi ibẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ wọlé, lọ pàdé rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ò dúró o! Àkàsọ̀ olókùn ni wọ́n jù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọkùnrin náà dì mú, tó ń gùn lọ, omi ń ru lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ àfìgbà tó dé òkè. Kò pẹ́ ni wọ́n ta àsíá aláàbọ̀ funfun, aláàbọ̀ pupa: afinimọ̀nà ti wọkọ̀ nìyẹn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ni àmì róbótó kan wà tí ìlà là láàárín. Òun àti àwọn ìlà kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ lè rì dé bí wọ́n bá dẹrù sí i. Aṣòfin kan tó ń jẹ́ Samuel Plimsoll ló pariwo títí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1876, torí àwọn tó ń dẹrù àdìjù, tí àwọn atukọ̀ ń bá ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ omi.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọkọ̀ àwọn apẹja ló dùn ún wò jù. Èyí tí ẹyẹ òkun bá rọ̀gbà yí ká, ẹja ti wà níbẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, ẹ wo iná: aláwọ̀ ewé lórí funfun, àwọ̀n ló ń wọ́ nínú omi, pupa lórí funfun, ọ̀nà mìíràn ló fi ń pẹja. Ọ̀kan so mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí mo wà. Bàbá kan ń tún àwọ̀n ṣe nínú rẹ̀: ó fi ẹsẹ̀ na àwọ̀n náà, ó ki abẹ́rẹ́ onígi wọlé, ó ta kókó, ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó tún bọ́ sí ihò tó kàn.

Òmíràn ń rọra rìn lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Fèrè dún lẹ́ẹ̀marùn-ún, kíá-kíá, èyí tí wọ́n fi ń bèèrè pé kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Apẹja náà yà, ó ń ju ọwọ́ sókè, ó ń bú wọn lọ.