Wàràkàṣì Tí Mo Fi Omi Fọ̀

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Wàràkàṣì àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà ní ìlú Tours, nílẹ̀ Faransé, abẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo gbé e sí. Mo ṣí omi, mo ń fi àtàǹpàkò ha eérú ara rẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá onílé mi ṣe wọlé bá mi. Obìnrin náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kì í pariwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó figbe ta.

"Kí lo ń ṣe é?"

"Ó dọ̀tí ni, Madame."

Ó pa omi. Ó wo wàràkàṣì, ó wò mí, ó tún wo wàràkàṣì. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi wá àga jókòó. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè, omi ń kán lọ́wọ́ mi.

Sainte-Maure de Touraine ni mo ń fọ̀ yẹn. Mílíìkì ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìlú kékeré Sainte-Maure tó fún un lórúkọ kò sì tó kìlómítà 40 sí Tours. Ó gùn gbọọrọ bí ìtì igi kékeré, ó tó gíráàmù 250, ìdí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ díẹ̀. Ìta rẹ̀ rí bí eérú, inú rẹ̀ funfun báláú. Pòròpórò kan sì wọ̀ ọ́ láti ìdí dé ìdí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á.

Eérú yẹn, èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀. Ó ń pa kíkan tó wà lójú wàràkàṣì náà, kí awọ rere lè hù sí i lára. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ dànù, awọ ló bó. Tèmi ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lọ́wọ́ mi bí ọṣẹ.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, ìyá onílé mi mú mi lọ sí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń sin ewúrẹ́. Wọn kì í gbé mílíìkì náà kaná rárá, òfin ni. Wọ́n á fi omi wàrà àná díẹ̀ sí i, wọ́n á kán ohun tó ń mú un dì sí i, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí obìnrin olóko ṣí ike náà, ohun tó wà níbẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, omi aláwọ̀ ewé díẹ̀ léfòó lórí rẹ̀. Ó mú ìgbakọ, ó ń bù ú sínú ike gígùn onihò wẹ́wẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fún omi jáde. Mo ní kí n bá a bù ú. Ìgbakọ kẹta ni ó gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ń yára jù, mo ń fọ́ ọ.

Pòròpórò ọkà rye ni ti àárín yẹn. Torí pé wàràkàṣì náà rọ̀, ó lè kán sí méjì, òun ló dì í mú bí eegun ẹ̀yìn. Ẹ fà á yọ kí ẹ wò ó dáadáa: wọ́n ti fi iná laser kọ orúkọ wàràkàṣì náà sí i lára, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣe é. Láti ọdún 1990 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ Sainte-Maure lásán sí, tí kò ní "de Touraine", tí kò ní pòròpórò, ẹ mọ̀ pé ibòmíràn ló ti lè wá. Kì í ṣe májèlé o, àmọ́ èmi ò ní rà á.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá tó sá lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Poitiers, ìlú Faransé kan, ní ọdún 732 ló fi ewúrẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ará ibí. Ìtàn dídùn ni. Ewúrẹ́ ti wà nílẹ̀ Faransé tipẹ́tipẹ́ kí ogun yẹn tó dé.

Ọjà Velpeau ni mo ti ń rà á báyìí, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó tà á. Èyí tí kò tíì pẹ́ rọ̀, ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tó ti lo oṣù kan le, ó ń rùn bí òbúkọ, adùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹ̀pà yíyan. Ìyẹn ni ìyá onílé mi fẹ́ràn. Èmi ò tíì dé ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni ibi tí à á ti gé e. Ó ní ìdí tó tóbi la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí kékeré yẹn, ọmú ewúrẹ́ ni, ẹni tó bá gé e, mílíìkì á gbẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, n kò wo ọwọ́ mi, ìdí kékeré ni mo gé. Mo yára jẹ ẹ̀rí náà, mo yí pákó padà kí ojú gígé kọjú sí ògiri. Ó wọlé, ó mú búrẹ́dì, ó wo pákó náà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ewúrẹ́ mélòó lo pa lónìí?"