Ohun tí owó kòrónà àwa àgbẹ̀ kọ́ mi

Ẹ̀yin ará tó ń dáko tàbí tó ń sin ẹran ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Ewúrẹ́ ni mo ń sìn ní kántì oko kan ní Maryland, mo tún máa ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ nígbà ooru. Àwa-àwa náà la jọ ń rà á tà, ìkómọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, ẹ ṣáà mọ òde wa. Oṣù kẹta 2020 gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró, ṣọ́ọ̀ṣì tì, gbọ̀ngàn tì, kò sẹ́ni tó ń pè láti ra ewúrẹ́, àwọn ẹran yẹn sì ń jẹun lójoojúmọ́ o.

Nígbà tí USDA, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, kéde CFAP, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́ kòrónà fún àgbẹ̀, lóṣù kẹrin, tí wọ́n ní bílíọ̀nù 16 dọ́là làwọn fẹ́ pín fún àgbẹ̀, mi ò tiẹ̀ yọjú síbẹ̀, mo ní ti àwọn òyìnbó onílẹ̀ rẹpẹtẹ nìyẹn. Bàbá kan tó ń gbin àgbàdo àti sóyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló pè mí lóṣù kẹsàn-án pé CFAP ẹlẹ́ẹ̀kejì ti jáde, pé ewúrẹ́ wà níbẹ̀ báyìí, kí n má sùn, December 11 ni wọ́n máa tì í. Ọlọ́run á bá mi san án fún bàbá yẹn.

Mo pe ọ́fíìsì FSA kántì wa, ẹ̀ka USDA tó ń san owó yẹn, fóònù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà yẹn. Obìnrin tó gbé e ní kí n mú nọ́ńbà fáàmù mi wá, ìyẹn nọ́ńbà tí FSA fi ń dá ilẹ̀ oko kọ̀ọ̀kan mọ̀. Mi ò ní! Ó fi sùúrù ṣí orúkọ fún mi, fọ́ọ̀mù CCC-941 (ti iye tó ń wọlé fúnni), AD-1026 (ti ìdáàbò bo ilẹ̀), ti báńkì, gbogbo ẹ̀. Ó wá bi mí pé èló ni mo tà ní 2019, torí iye téèyàn tà lọ́dún yẹn ni wọ́n máa wò, tí kò bá tó 50,000 dọ́là, 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa san.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Èyí téèyàn sìn fúnra ẹ̀ nìkan ló kà. Èyí tí mo rà ní ọ́kíṣọ̀n lọ́jọ́ Friday tí mo tún tà ní Saturday kò kà, owó tí mo gbà láti gbé e lọ sílé ìpẹran náà kò kà. Èmi sì rèé, Zelle kan ṣoṣo (áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sí báńkì mi), ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí, "Mummy ìkómọ, méjì", tán. Òru mẹ́ta lèmi àtìyàwó mi fi jókòó tì í. Gbogbo owó tó wọlé lé ní 14,000 dọ́là, èyí tí mo lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà pé ọmọ ewúrẹ́ mi ni kò ju 6,000 lọ. 636 dọ́là ni wọ́n san fún mi. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé èyí tí mo sìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ 14,000 sílẹ̀, pé wọn ò béèrè ìwé. Lóòótọ́, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ iye tí o tà tí wàá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n lè pè ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó o kó rìsíìtì wá. Mi ò lè fi orúkọ mi sábẹ́ irọ́.

Ìwé méjì ni mo ní báyìí, ti èyí tí mo sìn lọ́tọ̀, ti èyí tí mo rà lọ́tọ̀, kálukú pẹ̀lú déètì àti iye. Àti pé ẹ má san kọ́bọ̀ fẹ́nikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù FSA, ọ̀fẹ́ ni. Ètò CFAP ti parí báyìí. Owó yẹn kì í ṣe ẹ̀yáwó, a ò ní dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n gba owó orí lórí ẹ̀, 1099-G (ìwé owó orí tó ń sọ iye tí ìjọba san fúnni) wọlé ní January, ó yẹ kí n ti ya díẹ̀ sọ́tọ̀, mi ò yà á.

Ẹni tí kò bá tíì ní nọ́ńbà fáàmù, ẹ pe ọ́fíìsì kántì yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ mú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé tẹ́ ẹ fi rẹ́ǹtì ilẹ̀ sítòsí kẹ́ ẹ tó pè.